Máìkì Kan, Ọ̀nà Méjì: Kí Olórin Gbọ́ Ara Rẹ̀, Kí Olówó Gbọ́ Orúkọ Rẹ̀

Kò sí ohun tó ń dun ìyá ọlọ́jà tó bọ́ sójú agbo pẹ̀lú owó tuntun lọ́wọ́ tó kí olórin pe orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ. Ó ti ra aṣọ ẹbí, ó ti wé gèlè tó kan ọ̀run, ó ti lọ ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́, ó wá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórin ń pè é, ó ń ki baba tó bí i lọ́mọ, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ láti orí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti inú sípíkà jáde kò ju "wa-wa-wa, wo-wo-wo" lọ. Àwọn tó jókòó sábẹ́ kánópì lẹ́yìn ń bi ara wọn pé, "Ta ni wọ́n ń pè yẹn?" Owó ti lọ, orúkọ ò dé ibì kankan.

Òpin ọ̀sẹ̀ kì í sábà ré kọjá l'Ódẹ́dá àti àwọn ìlú tó yí i ká láìsí ìnáwó. Bí wọn ò bá ṣe òkú àgbà n'Ílúgùn, wọ́n á máa ṣe ìgbéyàwó l'Ọ́bàntokò, tàbí kí ó jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè l'Álábàtà, níbi tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ni yóò máa jó ti wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ń lo sípíkà, gbogbo rẹ̀ ló ń lo máìkì. Ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá oníspíkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń wí! Ṣé ariwo la ṣe san owó fún yín ni?" Ìyá olóde ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màámi. Ọ̀gá olórin ló ní kí n gbé e sókè lẹ́sẹ̀ àwọn. Bí mo bá tún fi kún un, yóò máa hu."

Olórin náà á yíjú sẹ́yìn, á fi ọwọ́ kan sétí, á na ìka èkejì sókè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún gbé e sókè sí i, nítorí òun ò gbọ́ ara òun. Gángan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àkúbà wà lósì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀ bí òjò orí páànù. Kí ni yóò ṣe? Yóò máa pariwo ni. Nígbà tí yóò bá fi di aago méjì òru, ohùn ti há, ẹni tí wọ́n háyà láti kọrin wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí ẹlẹ́bi. Máìkì kan ni wọ́n ń rán níṣẹ́ méjì tí kò bára mu. Ohùn tí èrò fẹ́ gbọ́ yàtọ̀ sí ohùn tí olórin fẹ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ohùn méjèèjì ń gbà kọjá.

Ẹni tí kò bá tíì sún mọ́ tábìlì oníspíkà rí, kó lọ wò ó. Míkísà ni wọ́n ń pe pẹpẹ tó kún fún bọ́tìnì yẹn. Ó dà bí ọjà tí wọ́n pín sí ìsọ̀ ìsọ̀. Máìkì olórin ní ìsọ̀ tirẹ̀, ti ẹlẹ́gbè ní tirẹ̀, ti gángan ní tirẹ̀. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì kan wà tó ń pinnu bí ohùn yóò ṣe lágbára tó nígbà tó bá ń wọlé, òmíràn wà fún ohùn tó rinlẹ̀, òmíràn fún ohùn tó ń dún ṣáńṣáń, òmíràn fún ẹ́kò, òmíràn fún mónítọ̀, ìyẹn sípíkà kékeré tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níwájú olórin kó lè gbọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tó gùn tí wọ́n ń tì sókè tì sódò, tó ń gbé ohùn lọ sínú sípíkà ńlá tó kọjú sí èrò.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ míkísà tí wọ́n ń gbé ròde, bí wọ́n bá ti dín ohùn ṣáńṣáń kù lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ó ti dín kù fún èrò, ó sì ti dín kù fún mónítọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ mónítọ̀ ló sún mọ́ máìkì jù lọ. Ohùn tó bá ti inú rẹ̀ jáde tún ń padà wọnú máìkì, máìkì á tún gbé e padà fún mónítọ̀, àyípoyípo ni, títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá tó rí òkú òru. Kí oníspíkà lè pa híhu yẹn, á gé ohùn ṣáńṣáń kúrò. Híhu dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gé kúrò yẹn gan-an ni èrò fi ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. "Sí" kò yàtọ̀ sí "tí" mọ́, "fò" kò yàtọ̀ sí "wò" mọ́. Ó pa ajá, ó sì pa ẹni tó ni ajá.

Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré lọ́dọ̀ Yorùbá, pàápàá lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kú ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni àpàlà, ìlù kàn ń gbé e rìn ni. Ẹni tó gbọ́ Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá náà, mọ̀ pé ìtàn ló máa ń sọ nínú orin, èrò á sì dákẹ́ láti gbọ́ ibi tí ìtàn já sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú, kí ló kù? Èdè wa tún ń lọ sókè lọ sódò. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Bí ẹ́kò bá pọ̀ lórí ohùn ẹni tó ń ki ènìyàn, ohùn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á máa bọ́ sórí èkejì, òkè á bọ́ sórí ilẹ̀, oríkì á di ìṣùpọ̀. Ẹ́kò dára fún orin tí wọ́n ń fà gùn. Fún orúkọ ènìyàn, májèlé ni.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ní ọgbọ́n kan tí kò wọ́n rárá. Wọn kì í gbé máìkì kejì fún olórin. Máìkì kan náà ni wọ́n ń jẹ́ kó gba ọ̀nà méjì wọnú míkísà. Wọ́n ní wáyà kan tó rí bí oríta: orí kan lápá kan, ìdí méjì lápá kejì. Máìkì wọ orí rẹ̀, ìdí àkọ́kọ́ wọ ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní, ìdí kejì wọ ṣánẹ́ẹ̀lì kejì. Ó parí. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà lè ṣe é fúnra rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu máìkì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, nọ́ńbà sì wà lára wọn: 1, 2 àti 3. Kó so 1 mọ́ 1, kó so 2 mọ́ 2, kó so 3 mọ́ 3, ní ìdí méjèèjì. Bó bá ṣì í lápá kan, tó gbé 2 sípò 3, ohùn méjèèjì á máa bá ara wọn jà. Bí wọ́n bá pàdé nínú sípíkà kan náà, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, èrò á máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín tí kò ní ara.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá ní làákàyè yóò bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè kan.

"Ọ̀gá, tí a bá pín in sí méjì, ṣé kò ní di ìdajì-ìdajì? Àkàrà tí èèyàn méjì bá jẹ, kò lè yó wọn bí ẹni tó dá a jẹ."

"Ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkàrà. Bí akéde bá lu agogo lójú ọ̀nà, tí ilé méjì gbọ́, ṣé ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣánẹ́ẹ̀lì kì í mu ohùn, ó kàn ń tẹ́tí sí i ni."

Ọ̀gá náà kò parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé. Máìkì tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ kọrin ní ìdènà tó wà láàárín óòmù 150 sí 300. Ẹnu ọ̀nà ṣánẹ́ẹ̀lì míkísà sábà máa ń ní tó óòmù 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé nǹkan tó ń gbà lọ́wọ́ máìkì kò tó nǹkan. Bí ẹnu ọ̀nà méjì bá pawọ́ pọ̀, wọ́n á dà bí óòmù 1,000. Ohùn á dín kù díẹ̀, bíi dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì kan péré, etí èrò ò sì lè mọ̀ ọ́n. Oníspíkà á yí bọ́tìnì díẹ̀, ó tán. Bó bá wá di ẹnu ọ̀nà mẹ́rin, márùn-ún, àyè á máa há, nítorí agogo akéde kan ò lè dé gbogbo Ẹ̀gbá. Méjì kò ní wàhálà.

Nísinsìnyí, ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní di ti èrò. Oníspíkà á jẹ́ kí ohùn ṣáńṣáń wà níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè mọ́, á ti mónítọ̀ rẹ̀ pa pátápátá. Ṣánẹ́ẹ̀lì kejì di ti olórin nìkan. Á yọ ọ́ kúrò nínú sípíkà ńlá, mónítọ̀ nìkan ni yóò máa rán an lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti gé ohùn tó ń hu, bó ti wù kó gé e tó, kò kan èrò. Olórin á gbọ́ ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ á balẹ̀, kò ní máa pariwo, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á sì dúró di àárọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò nílé orin ńlá lókè òkun náà nìyí, níbi tí wọ́n ti ń gbé míkísà odidi kan kalẹ̀ fún mónítọ̀ nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Òde Odẹ́dá kò nílò míkísà méjì. Ìsọ̀ kan tó ṣófo lórí míkísà tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ohun kan wà tí oníspíkà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé níbẹ̀. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì bá jọ ṣí sínú sípíkà ńlá, ohùn kan náà ló ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, á fi dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 6 lágbára sí i lójijì, gbogbo agbo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní wáyà ló bàjẹ́. Wáyà kọ́, ṣánẹ́ẹ̀lì kejì ni wọn ò yọ kúrò níbi tí kò yẹ kó wà.

Àwọn kan tún ń pín in nítorí ẹ́kò: ṣánẹ́ẹ̀lì kan gbẹ fún ọ̀rọ̀ àti orúkọ, èkejì ní ẹ́kò fún orin, wọ́n á máa ṣí ọ̀kan pa ọ̀kan bí olórin ṣe ń ti orin bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe, ó sì wúlò bí ohùn tí ẹni náà fi ń kọrin bá yàtọ̀ gidi sí èyí tó fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, míkísà tó bá ní bọ́tìnì tó ń pa ẹ́kò nìkan kò nílò gbogbo èyí. Kí oníspíkà kàn gbé ìka lé e, kó sì má sùn. Ọ̀pọ̀ orúkọ tó ń sọnù sínú ẹ́kò lóde, oorun àti ẹran díńdín ló fà á.

Àwọn míkísà ìgbàlódé tó ń lo kọ̀ǹpútà kò tiẹ̀ béèrè wáyà oríta. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kí ihò kan bọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì méjì. Kí ẹni tó ń lò ó ṣáà rántí pé bọ́tìnì àkọ́kọ́ tó ń gba ohùn wọlé, ọ̀kan ṣoṣo ni fún àwọn méjèèjì. Bó bá gbé e sókè nítorí èrò, ó ti gbé e sókè létí olórin náà. Ọ̀pọ̀ máìkì tí kò ní wáyà náà sì rèé, àpótí tó ń gba ohùn rẹ̀ sábà máa ń ní ihò méjì lẹ́yìn, èyí tó fẹ́ẹ̀ àti èyí tó rí roboto. Ihò méjèèjì lè ṣiṣẹ́ pa pọ̀.

Pípín kò léwu. Dídà pọ̀ ló léwu. Ẹni tó bá rí i pé wáyà oríta rọrùn lè fẹ́ yí i padà, kó mú ohùn tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ méjì, bíi míkísà kan àti ẹ̀rọ tí díjéè fi ń kọ orin, kó fi wáyà oríta so wọ́n pọ̀ wọ ihò kan. Kó má dán an wò. Ẹnu tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lè jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹnu méjì tó ń sọ̀rọ̀ sínú ara wọn, ìjà ni. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á máa ti iná sínú ẹnìkejì, ohùn á máa ya, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀rọ méjì, ṣánẹ́ẹ̀lì méjì. Iṣẹ́ míkísà ni kó dà wọ́n pọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní míkísà nìyẹn.

Nígbà tó bá wá di pé ọ̀nà méjì náà kò lọ sínú míkísà kan, tó jẹ́ pé míkísà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ rédíò bá fẹ́ gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, tàbí bí oníkámẹ́rà bá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá tó sì fẹ́ kí ohùn olórin wọlé tààrà. Oníspíkà ń lo jẹnẹrétọ̀, oníkámẹ́rà ki púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ bọ ògiri ilé, sínú iná tí àwọn èèyàn ṣì ń pè ní NEPA bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá sílé láti ọdún 2005. Ilẹ̀ tí iná méjèèjì dúró lé kò rí bákan náà. Bí wáyà máìkì bá ti so àwọn méjèèjì pọ̀, iná díẹ̀ á máa gba inú wáyà náà lọ wá ara wọn. Ohun tí èrò ń gbọ́ ni "hùùùùn" tí kò dáwọ́ dúró, nítorí iná wa ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà sì ń kọ ọ́ lórin.

Oògùn rẹ̀ wà, ọjọ́ sì ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń jẹ́ Michael Faraday, tí wọ́n bí ní 1791. Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìdìwé, ọdún méje ló fi kọ́ ọ. Àwọn ìwé tó ń dì ló ń kà lálẹ́. Ọkùnrin yìí ló fi hàn ní 1831 pé bí wọ́n bá ká wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan, tí wọn kò sì fara kan ara wọn rárá, bí iná inú ọ̀kan bá ń yí padà, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. Orí ọgbọ́n yẹn ni tiransifọ́mà tó wà lórí òpó ládùúgbò dúró lé. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn wá ṣe àbúrò rẹ̀ kékeré tó lè wọnú àpò ṣòkòtò, wọ́n kó o sínú àpótí irin tó ń pín máìkì. Máìkì wọlé lápá kan. Ọ̀nà kan jáde tààrà lọ sọ́dọ̀ oníspíkà. Ọ̀nà kejì gba inú tiransifọ́mà kékeré yẹn lọ sọ́dọ̀ oníkámẹ́rà tàbí rédíò. Ohùn kọjá, ṣùgbọ́n wáyà kò kan wáyà. Bọ́tìnì kan tún wà lára àpótí náà tó ń já ẹsẹ̀ nọ́ńbà 1 lápá kejì. "Hùùùùn" á dákẹ́ wẹ́lo.

Bí máìkì náà bá jẹ́ irú èyí tó ń jẹ iná fóòlútì 48 láti inú míkísà kó tó lè ṣiṣẹ́, ọ̀nà tààrà nìkan ló lè fún un ní oúnjẹ, nítorí iná yẹn kò lè la tiransifọ́mà kọjá. Míkísà tó wà lápá tààrà ni kí wọ́n ti tan án, kí wọ́n pa á lórí èkejì.

Àpótí yìí wọ́n ju wáyà oríta lọ, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń wá ọ̀nà àbùjá. Ọ̀nà àbùjá yìí ló ń pa èèyàn. Púlọ́ọ̀gì oníná ilẹ̀ wa ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó gùn jù lókè ni ti wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá kán ẹsẹ̀ yẹn, tàbí tí òun já wáyà ilẹ̀ nínú púlọ́ọ̀gì, "hùùùùn" á lọ. Òótọ́ ni, ó máa lọ. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn ni iná ń gbà sá lọ bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tí iná sì bọ́ sára àpótí irin rẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn ò bá sí mọ́, iná á dúró síbẹ̀, á máa retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ẹni náà sábà máa ń jẹ́ olórin. Ó di gìtá mú lọ́wọ́, okùn gìtá sì so mọ́ ara ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ẹnu rẹ̀ kan irin orí máìkì, máìkì sì so mọ́ ilẹ̀ míkísà. Bí iná fóòlútì 230 bá wà lára ọ̀kan, àyà olórin ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì lórí pèpéle níwájú èrò. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 27 ni. Ilẹ̀ tí iná kì í ṣe é ségesège lèyí ti ṣẹlẹ̀ o.

Fífi bọ́tìnì àpótí já ẹsẹ̀ nọ́ńbà 1 nínú wáyà máìkì, iṣẹ́ ohùn ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Jíjá wáyà ilẹ̀ nínú púlọ́ọ̀gì iná, iṣẹ́ ikú ni. Ọ̀pọ̀ oníspíkà kò mọ̀ pé ilẹ̀ méjì ni, nítorí orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti òní lọ, kó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀. Kí gbogbo ohun tí ọwọ́ olórin lè kàn, gìtá, máìkì, mónítọ̀, míkísà, jọ gba iná láti ojú kan ṣoṣo, kódà kí wáyà rẹ̀ gùn láti pèpéle dé tábìlì. Oníná gidi ló yẹ kó ri irin jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tó ń ta pẹtiróòlù.

Ìyá olóde kò nílò láti mọ óòmù tàbí dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni, òde rẹ̀ ni, àlejò rẹ̀ ni. Kó tó ka àsansílẹ̀ lé oníspíkà lọ́wọ́, kó bi í pé: "Bọ̀dá, máìkì olórin, ṣé ọ̀nà kan ni yóò gbà ni àbí méjì?" Bó bá rẹ́rìn-ín tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé mónítọ̀, ó mọ iṣẹ́. Bó bá ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, sípíkà mẹ́jọ ni mo máa gbé wá," kó tún bi ẹlòmíràn. Sípíkà mẹ́jọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ tó dàrú kiri kò ju ìdàrúdàpọ̀ ọ̀nà mẹ́jọ lọ. Kó tún ní kó fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ han òun. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni kó kà.

Kí wọ́n ti so ohun gbogbo tán kí àlejò tó máa wọlé, kí olórin dúró síbi tó ti máa kọrin, kí ìlù lù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí máìkì tí wọ́n fi "tẹ́sítìn, wan, tuu" dán wò láìsí gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì dán an wò rárá. Kó kọ orin kan, lẹ́yìn náà kó pe orúkọ ìyá olóde lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ìyá olóde rán ọmọ kan lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pátápátá lábẹ́ kánópì, kó wá sọ orúkọ tó gbọ́. Bó bá gbọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n fi téèpù lẹ wáyà oríta náà mọ́lẹ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ má fà á yọ, kí wọ́n sì gbé gbogbo omi inú ọ̀rá àti ìgò ọtí kúrò lórí tábìlì míkísà.